Laptop ti rí hotspot fóònù, àmọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ò wọlé: ẹ jẹ́ ká wá ibi tó ti já

Akẹ́kọ̀ọ́ Àkúrẹ́

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Fóònù Android ni mò ń lò, mo sì fẹ́ máa fi hotspot rẹ̀ gbé íntánẹ́ẹ̀tì sórí laptop tòkunbọ̀ kan tí ẹ̀gbọ́n mi fún mi. Fóònù ń ṣiṣẹ́ dáadáa: WhatsApp ń wọlé, fídíò ń ṣí. Laptop rí hotspot, ó gba páásíwọ́ọ̀dù, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti so mọ́ ọn. Àmọ́ bí mo bá ṣí Chrome, kò sí ojú ìwé kankan tó ń wá. Mo ti pa méjèèjì tàn. Mo ti ní kí laptop gbàgbé hotspot náà, mo tún un so, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ fi ń lélẹ̀. Iṣẹ́ àṣekágbá mi wà nínú laptop yìí, mo sì gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ mi kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Kí ni kí n ṣe?

Alátùn-únṣe Mókọ́lá

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. Má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Àwọn tó ń gbé kọ̀ǹpútà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé ìṣòro kan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti di mẹ́ta, torí pé gbogbo ohun tó wà nínú Settings ni wọ́n ti yí padà.

Ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà dé iwájú rẹ pín sí mẹ́ta. Ó ti orí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé fóònù, ó ti inú fóònù dé laptop, ó sì ti inú laptop dé browser, ìyẹn áàpù bíi Chrome tí a fi ń ṣí ìkànnì. Ibì kan níbẹ̀ ló já. Ibi tó já ni ká kọ́kọ́ mọ̀.

Bẹ̀rẹ̀ láti orí fóònù. Pa Wi-Fi rẹ̀, kó jẹ́ dátà síìmù nìkan ló ń lò, kí o wá ṣí ìkànnì ìwé ìròyìn kan tí o kì í sábà ṣí. Má fi WhatsApp dán an wò. Àwọn dátà kan wà tó jẹ́ pé ti WhatsApp tàbí Facebook nìkan ni. Ẹni tó rà wọ́n á rò pé òun ní íntánẹ́ẹ̀tì, laptop rẹ̀ ò sì ní rí nǹkan kan gbà. Tẹ *323# kí o rí irú dátà tó kù. Láti 2023, kóòdù kan náà ni gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lò fún un ní Nàìjíríà.

Bọ́ sórí laptop. Tẹ bọ́tìnì Windows àti R pọ̀, kọ cmd, tẹ Enter. Nínú ojú dúdú tó bá yọ, kọ ipconfig. Wá ibi tí wọ́n kọ Wi-Fi sí, kí o wo nọ́ńbà tó wà níwájú IPv4. Bó bá fi 192.168 tàbí 10 bẹ̀rẹ̀, fóònù ti fún laptop ní àdírẹ́sì. Ti iPhone máa ń fi 172.20.10 bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ 169.254 lo rí, fóònù kò dá laptop lóhùn ni, laptop wá fún ara rẹ̀ ní nọ́ńbà tí kò lè gbé e dé ibì kankan. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kọ ipconfig /release, lẹ́yìn rẹ̀ kí o kọ ipconfig /renew.

Lákòótán, kọ ping 8.8.8.8 síbẹ̀, kí o wo ìdáhùn. Ping ni laptop fi ń pe ẹ̀rọ mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti mọ̀ bóyá ó máa dáhùn. Lẹ́yìn náà, kọ ping google.com. Ohun tí méjèèjì bá sọ ni kí o wá kọ síbí fún wa.

Ìyá Ìbejì Ṣàgámù

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Laptop tí mo fi ń kọ máàkì àwọn ọmọ iléèwé kò rí hotspot mi rárá. Ó rí Wi-Fi aládùúgbò, ó rí ti ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n tèmi tó wà lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ni kò rí. Fóònù ọmọ mi sì rí i láìsí wàhálà. Ọkọ mi ti ní kí a lọ ra laptop mìíràn.

Ọmọ Ìsẹ́yìn

Mà, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ó jọ pé 5 GHz ni fóònù yín fi ń tan hotspot. Orí ìgbì méjì ni Wi-Fi máa ń gbà, 2.4 GHz àti 5 GHz. Ọ̀pọ̀ laptop àtijọ́ kò gbọ́ ju 2.4 lọ, bí hotspot bá wà lórí 5, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ ni lójú wọn. Torí ẹ̀ ni fóònù ọmọ yín ṣe rí i tí laptop ò rí i.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i dájú, ẹ ṣí ojú dúdú tí ẹ̀gbọ́n Mókọ́lá júwe, kí ẹ kọ netsh wlan show drivers. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Radio types supported sí. Bí 802.11a tàbí 802.11ac bá wà níbẹ̀, laptop náà gbọ́ 5. Bó bá jẹ́ b, g àti n nìkan ló wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe jù lọ pé 2.4 nìkan ló gbọ́.

Lórí Android, ẹ wọ Settings, ẹ lọ síbi hotspot, ẹ wá ọ̀rọ̀ náà Band. Ẹ yí i sí 2.4 GHz. Ti iPhone 12 sókè, ẹ wọ Personal Hotspot, kí ẹ tan Maximize Compatibility. Eré tí íntánẹ́ẹ̀tì ń sá lè dín díẹ̀, torí 5 ló yára jù bí fóònù bá wà nítòsí, ṣùgbọ́n 2.4 ló ń la ògiri kọjá dáadáa. Ẹni tó ń lo iPhone kó má tíì kúrò lójú ewé Personal Hotspot títí laptop fi máa so mọ́ ọn, torí bí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, hotspot lè fara pa mọ́ kí laptop tó rí i.

Ìyá Ìbejì Ṣàgámù

Ọlọ́run á bù kún yín. B, g, n ló kọ síbẹ̀. Mo ti yí i sí 2.4, ó ti yọ! Àmọ́ ó ní páásíwọ́ọ̀dù mi kò tọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo kọ sórí fóònù náà ni mò ń kọ. "Ọmọlẹ́wà" ni mo fi ṣe é, mo sì fi àmì sí i bó ṣe yẹ.

Ọmọ Ìsẹ́yìn

Àmì yẹn gan-an ló fà á, Mà. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára torí pé àwa tí a fẹ́ràn láti kọ èdè wa dáadáa ló máa ń kó sí i jù. Páásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi kò gbọdọ̀ ní ẹ, ọ, ṣ tàbí àmì ohùn nínú. Lẹ́tà lásán, nọ́ńbà àti àwọn àmì orí kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì ló gbà, ó kéré tán 8, kò sì ju 63 lọ. Ìdí ni pé "ẹ́" tí fóònù yín kọ àti "ẹ́" tí laptop kọ lè jọra lójú, kí kóòdù tí wọ́n fi kọ ọ́ nínú ẹ̀rọ méjèèjì yàtọ̀. Lójú yín ọ̀rọ̀ kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ méjì ni. Ẹ kọ omolewa pẹ̀lú nọ́ńbà díẹ̀ tí ẹlòmíì kò lè tètè rò. Ẹ jẹ́ kí orúkọ hotspot náà rí bẹ́ẹ̀, láìsí àmì.

Bí ẹ bá ṣe ìyẹn tó ṣì kọ̀, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Security sí nínú hotspot. Bó bá jẹ́ WPA3, ìyẹn irú ààbò Wi-Fi tó tuntun, ló wà níbẹ̀, ẹ yí i sí WPA2. Laptop àtijọ́ kì í sábà mọ WPA3.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àkúrẹ́

Mo ti dé o. Ìkànnì ìwé ìròyìn ṣí lórí fóònù. Nọ́ńbà IPv4 jẹ́ 192.168.43 àti òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ping 8.8.8.8 dáhùn, ping google.com náà dáhùn. Síbẹ̀ Chrome ò ṣí nǹkan kan. Mo gbìyànjú Edge, òun náà kọ̀.

Alátùn-únṣe Mókọ́lá

O ṣeun, o ti jẹ́ kí iṣẹ́ rọrùn. Bí ping méjèèjì bá dáhùn, òpó dé fóònù ti dára, fóònù dé laptop ti dára, laptop sì mọ bó ṣe ń wá àdírẹ́sì ìkànnì. Inú laptop ló ti já, láàárín rẹ̀ àti browser. Ohun méjì ni mo máa wò níbẹ̀.

Èkíní ni proxy. Àwọn áàpù kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fóònù, tó jẹ́ pé wọ́n á ní kí o kọ àdírẹ́sì kan, bíi 192.168.43.1 àti 8080, sínú laptop. Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí browser bá fẹ́ béèrè, ẹnu ọ̀nà yẹn ló máa gbà. Ọjọ́ tí áàpù náà ò bá sí mọ́, ẹnu ọ̀nà ti dí, browser á máa kan ilẹ̀kùn tí kò sẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Ping kì í gba ibẹ̀ kọjá, torí ẹ̀ ló ṣe ń dáhùn. Laptop tó ti ọwọ́ ẹlòmíràn bọ́ sí tìẹ, kò sí bí o ṣe lè mọ ohun tí wọ́n ti kọ síbẹ̀. Wọ Settings, Network & internet, Proxy. Ibi tí wọ́n kọ Use a proxy server sí, pa á. Fi Automatically detect settings sílẹ̀ bó ṣe wà.

Èkejì ni ọjọ́ àti aago. Wo igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ọdún wo ló kọ síbẹ̀?

Akọ̀wé Abẹ́òkúta

Kí ẹlòmíràn tó bá ń ka èyí má baà ṣìnà: bí ping 8.8.8.8 bá dáhùn tí ping google.com bá kọ̀, ìyẹn kì í ṣe proxy, DNS ni. Laptop ti ní ọ̀nà, àmọ́ kò rí ẹni tó máa sọ fún un pé ibo ni google.com wà. Ẹ wọ ibi tí orúkọ hotspot yín wà nínú Settings, ẹ wá DNS server assignment, ẹ tẹ Edit, ẹ yan Manual, ẹ tan IPv4, kí ẹ kọ 8.8.8.8 sókè àti 1.1.1.1 sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ipconfig /flushdns nínú ojú dúdú. Bí ẹ bá ń lo VPN, ìyẹn áàpù tó ń darí íntánẹ́ẹ̀tì yín gba ọ̀nà ìkọ̀kọ̀, lórí laptop, ẹ kọ́kọ́ pa á ná, torí VPN tí kò rí ibi tó ń lọ máa ń dí ọ̀nà pa fún gbogbo nǹkan yòókù.

Mo sì tún fẹ́ fi kún un pé VPN tí ẹ bá tàn lórí fóònù Android kì í sábà dé orí laptop tó so mọ́ ọn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gba VPN, orí laptop gan-an ni kó tàn án sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àkúrẹ́

Ẹ̀gbọ́n, proxy wà níbẹ̀ lóòótọ́! 192.168.43.1, bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Mo ti pa á. Àwọn ojú ìwé ti ń gbìyànjú láti ṣí báyìí, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọ Your connection is not private. Ọjọ́ tó wà ní igun ìsàlẹ̀ jẹ́ oṣù kìíní, 2015.

Alátùn-únṣe Mókọ́lá

Ohun kejì nìyẹn. Ìkànnì tó bá fi https bẹ̀rẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Bí laptop rẹ bá rò pé 2015 la wà, ìwé ẹ̀rí gbogbo ìkànnì á dà bí èyí tí àkókò rẹ̀ kò tíì tó, kò sì ní gbà á. Má tẹ ibi tí wọ́n ní kí o máa lọ bẹ́ẹ̀ láìfi pè. Wọ Time & language, Date & time. Yan UTC+01:00 West Central Africa, tan Set time automatically, tẹ Sync now. Bó bá kọ̀ láti mú un, fi ọwọ́ kọ ọjọ́ tòní sí i.

Bí aago náà bá tún padà sẹ́yìn lẹ́yìn tí bátìrì laptop kú pátápátá, bátìrì pẹlẹbẹ kékeré inú rẹ̀ tó ń tọ́jú aago ló ti rọ. CR2032 ló sábà máa ń jẹ́, owó rẹ̀ kò pọ̀. Alátùn-únṣe èyíkéyìí tó mọ iṣẹ́ á pààrọ̀ rẹ̀ fún ọ lójú ẹsẹ̀. Ibi tí iná ìjọba kì í ti í dúró, àìsàn yìí ń bá laptop tòkunbọ̀ jà gan-an, ọ̀pọ̀ ló sì ń dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́bi fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àkúrẹ́

Gbogbo rẹ̀ ti ṣí! Mo ti fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí olùkọ́ mi. Ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́, ẹ ò ní rí ìdààmú.

Àgbẹ̀ Ṣakí

Ẹ kú ìjíròrò. Níbi tí mo wà, iná kì í wá dáadáa, hotspot sì ń jẹ bátìrì fóònù mi kíákíá. Wọ́n ní kí n lo wáyà USB. Mo ki wáyà bọ̀ ọ́, fóònù ń gba iná lára laptop, àmọ́ ibi tí wọ́n kọ USB tethering sí, èyí tó yẹ kó fi wáyà gbé íntánẹ́ẹ̀tì fóònù dé laptop, ṣú, kò ṣeé tẹ̀.

Ọmọ Ìsẹ́yìn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo wáyà náà ná. Ọ̀pọ̀ wáyà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lójú títì jẹ́ ti iná nìkan. Wọn ò fi okùn tó ń gbé dátà sí i nínú. Ẹ lo èyí tó bá fóònù wá nínú páálí, tàbí èyí tí ẹ ti fi kó fọ́tò láti inú fóònù sórí kọ̀ǹpútà rí. Bí fóònù bá béèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi USB ṣe, ẹ má yan Charging only. Bó bá ti rí dátà gba inú wáyà, USB tethering máa là fúnra rẹ̀.

Bó bá là tí laptop ò sì rí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí Device Manager. Ó yẹ kí ẹ rí Remote NDIS based Internet Sharing Device lábẹ́ Network adapters. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí nǹkan kan wà níbòmíràn pẹ̀lú àmì pupa rúsúrúsú, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀tún, Update driver, Browse my computer, Let me pick, Network adapters, Microsoft, kí ẹ yan Remote NDIS náà.

Ẹni tó ń lo Mac pẹ̀lú Android kó má fi wáyà da ara rẹ̀ láàmú. Púpọ̀ nínú fóònù Android kì í bá Mac sọ̀rọ̀ lórí wáyà, Wi-Fi ni kó lò. Ẹni tó ní iPhone àti Windows gbọ́dọ̀ ní iTunes tàbí Apple Devices lórí laptop, kó sì tẹ Trust nígbà tí fóònù bá béèrè.

Wáyà dára, mo fara mọ́ ọn ju Wi-Fi lọ nínú yàrá tí hotspot pọ̀ sí, torí kò sí ẹlòmíràn tó ń bá yín dù ú. Ẹ kàn rántí pé fóònù á máa fa iná laptop. Bluetooth kì í jẹ bátìrì púpọ̀, àmọ́ ó lọ́ra. Lẹ́tà ìméèlì nìkan ni mo lè fi í ṣe.

Ìyá Ìbejì Ṣàgámù

Ẹ jọ̀wọ́, ó ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ dátà tí mo máa ń lò fún ọ̀sẹ̀ kan lórí fóònù tán láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Mi ò wo fíìmù kankan.

Akọ̀wé Abẹ́òkúta

Mà, ọ̀rọ̀ yìí ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, torí owó gidi ló ń bá a lọ. Windows kò mọ̀ pé dátà tí ẹ fi owó rà ni. Lójú rẹ̀, Wi-Fi ni, Wi-Fi ò sì lópin. Bó bá ti rí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn àtúnṣe tó ti ń dúró dè láti oṣù tó kọjá, OneDrive, ibi ìpamọ́ fáìlì Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á máa gbé fọ́tò lọ sókè, àwọn áàpù á máa tún ara wọn ṣe.

Ẹ tẹ orúkọ hotspot yín nínú Settings, kí ẹ tan Metered connection. Èyí ló ń sọ fún Windows pé kó rọra. Ọ̀pọ̀ jù lọ àtúnṣe á dúró, OneDrive náà á dúró. Ohun méjì wà tí àwọn èèyàn kì í mọ̀ nípa rẹ̀. Orúkọ hotspot ni Windows fi ń rántí. Bí ẹ bá yí orúkọ náà padà, tàbí tí ẹ lo fóònù mìíràn, ẹ gbọ́dọ̀ tún un tàn. Èkejì, bí ẹ bá bọ́ sórí wáyà USB, Ethernet ni Windows ń pè é, ẹ máa tún un tàn níbẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n Ṣakí, ẹ gbọ́ o.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Data usage. Ó máa fi hàn yín ohun tí áàpù kọ̀ọ̀kan ti jẹ láàárín 30 ọjọ́. Ẹni tó jẹ dátà yín wà níbẹ̀. Ẹ pa Delivery Optimization pẹ̀lú, kí laptop yín má máa pín àtúnṣe fún kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí ẹ bá sì ń wo fídíò, ẹ fúnra yín yan 360p tàbí 480p, torí pé ojú laptop tóbi, ó sì lè yan èyí tó ga jù ti fóònù lọ.

Oníṣòwò Àjàṣẹ́

Mo kí yín láti Àjàṣẹ́. Tèmi ni pé bí ẹnikẹ́ni bá pè mí, íntánẹ́ẹ̀tì laptop á dá dúró. Bí mo bá parí ọ̀rọ̀, á padà. Síìmù méjì ló wà nínú fóònù mi.

Alátùn-únṣe Mókọ́lá

Bí ìpè bá wọlé sórí síìmù kejì, ọ̀pọ̀ fóònù síìmù méjì máa ń dá dátà síìmù kìíní dúró títí ìpè náà á fi parí. Bó bá jẹ́ orí síìmù kan náà ni, fóònù lè máa bọ́ sórí 2G nígbà ìpè. Tan VoLTE, tó ń jẹ́ kí ìpè gba orí 4G, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ bá fàyè gbà á. Bó o bá ní ìpàdé pàtàkì lórí laptop, yọ síìmù kejì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí yẹn, tàbí kí o darí ìpè rẹ̀ sórí fóònù mìíràn.

Bí hotspot bá ń pa ara rẹ̀ láìsí ìpè, wo battery saver àti Data Saver lórí fóònù. Lórí ọ̀pọ̀ Android, èyíkéyìí nínú wọn lè dá hotspot dúró. Wo Turn off hotspot automatically náà. Bí laptop bá sùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù á rò pé kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́.

Oníṣòwò Àjàṣẹ́

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kan ní kí n tẹ Network reset, pé ó máa tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?

Alátùn-únṣe Mókọ́lá

Má tẹ̀ ẹ́, àbúrò. Kò kan ọ̀rọ̀ tìẹ, torí orí fóònù ni ìṣòro tìẹ wà. Òun ni mo máa ń fi sẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Network reset máa ń pa gbogbo Wi-Fi tí laptop ti mọ̀ rẹ́ pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù wọn, á yọ àwọn ohun tí VPN fi sínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kúrò, á sì pa laptop tàn. Ẹni tí 169.254 kò kúrò lójú laptop rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ohun tí a sọ lókè, òun ló lè lò ó. Kó kọ páásíwọ́ọ̀dù ọ́fíìsì àti ti ilé sórí ìwé kó tó tẹ̀ ẹ́.